Wọ́n Mọ Ọ̀nà Abúlé Nígbà Tí Wọ́n Ń Wá Òṣìṣẹ́

Ilé ni àbọ̀ simi oko. Kò sí ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdílé kan nínú wa tí ẹnìkan kò ti ibẹ̀ re àjò. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n re àjò, tí wọ́n ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú ohun kan nínú àyà wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n simi, àní tí kò jẹ́ kí wọ́n mí dáradára.

Àwọn awakùsà wúrà ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni à ń wí. Láti ọdún 1886 tí a ti rí wúrà ní Witwatersrand, níbi tí ìlú Johannesburg wà lónìí, ni a ti ń kó àwọn ọkùnrin wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: láti Transkei àti Pondoland, láti Lèsótò, láti Mòsáḿbíìkì, láti Bòtswánà, láti Màláwì, àti láti Swásílándì tí a ń pè ní Ẹswátínì nísinsìnyí. Ní nǹkan bí ọdún 1986, nígbà tí iṣẹ́ náà wà ní góńgó, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà wúrà lé ní 500,000. Láti Lèsótò nìkan, ilẹ̀ kékeré tí ó kún fún òkè, àwọn tí ó lọ sí ibi ìwakùsà Gúúsù Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1980 lé ní 100,000. A kò gba púpọ̀ nínú wọn láyè láti mú aya àti ọmọ wọn dání. Inú àwọn ilé gbọọrọ tí a ń pè ní kọ́ḿpáǹdì ni wọ́n ń sùn sí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin nínú yàrá kan. Nígbà tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn bá sì parí, wọn a padà sí abúlé títí ìwé mìíràn yóò fi dé.

A fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀nà tí a gbà wá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí rí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kò jókòó sí Johannesburg kí wọ́n máa retí ẹni tí yóò wá. Wọ́n pawọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún láti máa wá òṣìṣẹ́, wọ́n tún dá èkejì sílẹ̀ ní ọdún 1912; àwọn wọ̀nyí ni ó wá di TEBA ní ọdún 1977. Àwọn aṣojú wọn wà ní àwọn ìlú kéékèèké láàárín òkè, níbi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ń kọ orúkọ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, orúkọ agbègbè rẹ̀, àti ti ìjòyè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ. Nígbà tí ọ̀nà Màláwì jìn jù fún ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń kó wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà já ní Francistown ní ilẹ̀ Bòtswánà ní oṣù kẹrin ọdún 1974, ènìyàn 78 sì kú. Ẹ ò rí i pé nígbà náà, kò sí abúlé tí ó jìnnà jù.

Kí ni wọ́n kó wọn lọ ṣe? Wúrà ilẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń ṣà ní etí odò. Inú òkúta líle ni ó wà, nísàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn ihò kan nínú wọn jìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ ni a fi ń lu òkúta náà, a ó ti dáínámáìtì bọ inú ibi tí a lu, a ó sì fọ́ ọ. Òkúta náà kún fún ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sílíkà, eruku rẹ̀ sì kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀. Eruku ojú títì tí à ń fà símú lójoojúmọ́, ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ń lé e jáde. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé ibi tí ó kángun sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara a gbìyànjú láti pa á run, kò ní lè pa á, ojú ibẹ̀ yóò sì di àpá. Àpá lórí àpá, títí ẹ̀dọ̀fóró tí ó yẹ kí ó rọ̀ bí kànìnkànìn yóò fi yi bí awọ gbígbẹ. Sílíkósìsì ni orúkọ àrùn náà. Ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fojú hàn, kì í sì í dúró ní ọjọ́ tí ènìyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè máa pọ̀ sí i nígbà tí ẹni náà ti padà sí oko baba rẹ̀. Kò tíì sí òògùn kan tí ó lè mú àpá náà kúrò.

Ọ̀ràn kò tán síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí sílíkà bá ti bà jẹ́ kò lágbára mọ́ láti bá kòkòrò ikọ́-ẹ̀gbẹ jà, pàápàá jù lọ bí àrùn éèdì bá tún wà nínú ara. Kọ́ḿpáǹdì tí ènìyàn kún fọ́fọ́ sì ni ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti ń rí ààyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nínú 100,000 awakùsà, bí 2,500 sí 3,000 ni ikọ́-ẹ̀gbẹ ń mú lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀, 250 péré ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ohun tí ó tó kí ìlú figbe ta. Nígbà tí àwọn olórí ìjọba apá gúúsù Áfíríkà pàdé ní Maputo ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpinnu kan lórí ikọ́-ẹ̀gbẹ ní ibi ìwakùsà, nítorí ikọ́ tí a kó ní orílẹ̀-èdè kan, ní orílẹ̀-èdè mìíràn ni a ti ń hú u.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀ ni ó fà á. Ní ọdún 1902 ni ìjọba ibẹ̀ ti yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí àrùn náà, nítorí pé àwọn òyìnbó tí ń lu òkúta ń kú. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà pẹ̀lú jẹ́ àlejò: Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá. Nígbà tí J. S. Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ìlera àwọn awakùsà Cornwall, tí ìwé wọn jáde ní ọdún 1904, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kú níbẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ ní Transvaal rí. Ní Johannesburg ni wọ́n ti fa eruku símú, ní ilé ni wọ́n ti kú. Ní ọdún 1911 àti 1912, òfin jáde ní Gúúsù Áfíríkà láti máa san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí àrùn náà bá mú. Ní ọdún 1930, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Johannesburg gan-an láti jíròrò lórí àrùn yìí kan ṣoṣo. Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni òfin náà gbè? Owó tí ènìyàn dúdú ń gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó, ó sì di ọdún 1993 kí wọ́n tó pa ìyàtọ̀ àwọ̀ rẹ́ kúrò nínú òfin owó gbà-má-bínú náà. Ní ojú tiwa, ohun kan wà tí ó burú ju òfin lọ, òun náà ni ìṣirò. Òyìnbó ń gbé nítòsí ibi iṣẹ́, dókítà sì ń rí i. Ènìyàn dúdú, bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ìwé àdéhùn rẹ̀ a parí, a kò ní fún un ní òmíràn, yóò sì gba ilé lọ. Bí ó bá kú sórí òkè ní Lèsótò, ta ni yóò kà á mọ́ àwọn òkú Johannesburg? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dà bí ẹni pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí àwọn dókítà tọ àwọn awakùsà tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ilé wọn ní àwọn ọdún 1990 ni òtítọ́ tó jáde. Ní Libode, ní Transkei, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yẹ̀ wò, 22 sí 36 ni eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ní Thamaga, ní Bòtswánà, ó jẹ́ 26 sí 31. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé iye náà jẹ́ oríṣi méjì ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ó dá lórí dókítà tí ó ka àwòrán àyà náà, ojú kò sì dọ́gba. Ìbáà jẹ́ èyí tí ó kéré ni a mú, ẹnìkan nínú márùn-ún ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti máa ń rí nínú ilé. Kì í ṣe ẹnìkan pàtó ni a ń sọ. Bí ó ti ń rí fún púpọ̀ nínú wọn ni. Ọkùnrin kan tí ó ti ń fi owó ránṣẹ́ wálé fún ogún ọdún dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ó ń ro oko. Ní ọdún kejì, ó ń dúró simi ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dé oko. Nígbà tí ó yá, ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó sí. Àwọn ará àdúgbò tí kò mọ ohun tí ń ṣe é a máa wí pé ìlú ńlá ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ; àwọn mìíràn a máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹnìkan ni ó fi ọwọ́ àìdára kàn án. Aya rẹ̀ ni ó ń pọn omi, ni ó ń wẹ̀ ẹ́, ni ó ń gbé e jókòó ní òru nígbà tí kò lè sùn ní ìdùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yìí, ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìpè, ṣùgbọ́n kì í dáhùn mọ́, a sì máa ń rò pé àwọn òbí rẹ̀ kò ka ìwé sí. Ọ̀rọ̀ irú àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin wọ̀nyí dé iwájú ilé-ẹjọ́ gíga ní Johannesburg nígbà tí àwọn awakùsà pe àwọn ilé-iṣẹ́ wúrà lẹ́jọ́, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì là á yé àwọn adájọ́ pé ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn láìgba kọ́bọ̀ ni ó ń san gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ.

Ní ti ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thembekile Mankayi ṣiṣẹ́ ní Vaal Reefs láti ọdún 1979 títí di ọdún 1995. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo owó tí òfin àwọn awakùsà sì fún un jẹ́ ráńdì 16,320. Ó ní òun kò gbà, ó pe ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á síṣẹ́ lẹ́jọ́. Àwọn ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ dá a lẹ́bi, wọ́n ní ẹni tí ó bá ti gba owó lábẹ́ òfin yẹn kò lè pe ẹjọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí ọ̀ràn ìwé òfin orílẹ̀-èdè dá a láre. Mankayi kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Ó ti kú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú.

Ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí ni àwọn tí ó kù gbà wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga gbà pé kí gbogbo àwọn awakùsà tí ọ̀ràn kàn pa ẹnu pọ̀ pe ẹjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ mẹ́fà bá wọn ṣe àdéhùn, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2019: bílíọ̀nù 5 ráńdì fún àwọn tí ó ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1965 àti ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2019, tí sílíkósìsì tàbí ikọ́-ẹ̀gbẹ sì mú, àti fún ìdílé àwọn tí ó ti kú. A dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa pín owó náà, orúkọ rẹ̀ ni Tshiamiso Trust; ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Tswana ni àtúnṣe. Owó tí ẹnìkan lè gbà bẹ̀rẹ̀ láti ráńdì 10,000, ó sì lè dé 500,000, gẹ́gẹ́ bí àrùn náà bá ti le tó.

A kò kẹ́gàn owó náà rárá. Ìjà tí àwọn awakùsà wọ̀nyí àti àwọn agbẹjọ́rò wọn jà tó ohun tí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n owó dé ọwọ́ ọkùnrin náà, ó san gbèsè, ó ra màlúù, ó tún òrùlé ṣe, ó san owó ilé-ìwé. Nígbà tí owó tán, ó ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nǹkan kan sì wà nínú òfin ibẹ̀ tí a kò lè ṣàì mẹ́nu kàn. Bí awakùsà bá kú, tí ìdílé rẹ̀ bá sì gbà, a lè yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí a fi ránṣẹ́ sí Johannesburg fún àyẹ̀wò, kí ìdílé lè gba owó bí a bá rí àrùn níbẹ̀. Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jìnnà kì í sábà rí i lò. Ṣùgbọ́n ẹ gbà wá láyè kí a sọ bí ó ti rí lójú wa: ẹ̀dọ̀fóró òkú ti rí ọ̀nà láti abúlé dé Johannesburg kí olùtọ́jú tó rí ọ̀nà láti Johannesburg dé abúlé.

Àwọn kan yóò bi wá pé, bí àrùn náà kò bá ní òògùn, kí ni a tún fẹ́ tọ́jú? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ohun tí a fẹ́ kí ó yé yín jù lọ.

Ẹni tí èémí kò bá tó, ẹ̀rù a máa bà á. Nítorí ẹ̀rù náà, kò ní fẹ́ rìn. Nítorí kò rìn, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ. Iṣan tí ó rọ a máa béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju iṣan tí ó le lọ fún iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ó bá tún dìde, agara yóò tètè dá a ju ti àná lọ, yóò sì tún jókòó. Eruku ni ó dá ìyà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ni ó ń bù kún un lójoojúmọ́. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí àpá inú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí ṣeé tọ́jú.

Ìtọ́jú náà kò sì gba ilé alájà mẹ́wàá. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. A ó wọn ilẹ̀ títẹ́jú tí ó tó mítà 30, a ó sì wo bí ọkùnrin náà ti lè rìn jìnnà tó lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Iye yẹn ni a ó kọ sílẹ̀, òun náà yóò sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, yóò máa dìde lórí àga, yóò máa jókòó, yóò máa gbé ìgò tí a rọ iyanrìn sí. A ó kọ́ ọ láti fa afẹ́fẹ́ sí imú, kí ó sì ká ètè jọ fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. A ó kọ́ ọ bí a ti ń wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde láìpa ara ẹni, ìgbà tí ó yẹ kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ìdí tí kò fi gbọdọ̀ fa sìgá mọ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ó jókòó sí ilé ìdáná tí èéfín kún. A ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́-ẹ̀gbẹ. Aya rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, nítorí òun ni olùtọ́jú gidi. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí ó ti jọ wọ inú ihò kan náà rí yóò sì tún rí ara wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ àti ti ọwọ́ àìdára yóò sì tán láàárín wọn. Ní Kampala, ní ilẹ̀ Ùgáńdà, àwọn dókítà ti ṣe irú ìtọ́jú yìí fún àwọn tí ikọ́-ẹ̀gbẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, pẹ̀lú ohun èlò tí ó wà nítòsí, àwọn aláìsàn sì rìn jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iye ọ̀sẹ̀ tí ó gbà wọ́n kò ju mẹ́fà.

Ẹni tí ó bá sì ń sọ pé kò ṣeé ṣe ní abúlé, kí ó wo ilẹ̀ Ṣáínà. Ibẹ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀ lọ sí ibi ìwakùsà, ibi tí a ti ń fọ́ òkúta, àti ibi tí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ àwọn ilé gíga ìlú Shenzhen. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Henan, Zhang Haichao, ní kí àwọn dókítà la àyà òun, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti fúnni ní ìwé ẹ̀rí kò gbà pé eruku ni ó ń pa á. Ọ̀ràn náà mi ìlú tìtì. Ní ọdún 2011, oníròyìn kan, Wang Keqin, dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀ fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2019, ìjọba gbé ètò kan jáde tí ìlànà rẹ̀ wù wá púpọ̀: ìlú kékeré tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, kí a ṣí ibùdó ìtọ́jú sí ilé ìwòsàn rẹ̀, abúlé tí ó bá ní mẹ́wàá, kí a ṣí ibi ìtọ́jú kékeré sí ilé ìgbòògùn rẹ̀, kí a sì fún un ní ohun èlò àti òògùn tí ó yẹ. Nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí ni a ti ń kọ́ni ní bí a ti ń mí, tí a ti ń fún àwọn tí ó nílò rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, tí a sì ti ń lo àwọn eré ìdárayá àtijọ́ ilẹ̀ wọn tí kò gba ipá púpọ̀. A kò sọ pé Ṣáínà ti ṣe é tán. Ẹni tí kò ní ìwé iṣẹ́ ṣì ń jìyà láti rí owó gbà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjọba ka àwọn ènìyàn náà ní ibi tí wọ́n ń gbé, kì í ṣe ní ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2014, ìjọba ṣí ibùdó kan sí Mthatha, òmíràn sí Carletonville, kí awakùsà lè rí ohun gbogbo gbà ní ojú kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àti ìwé owó gbà-má-bínú ni iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, àti pé láti Lusikisiki dé Mthatha lé ní 100 kìlómítà. Ọkùnrin tí kò lè rìn dé etí odò kò lè máa lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí owó ni ìṣòro, Hong Kong ti fi ọ̀nà kan hàn: láti àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ ìkọ́lé àti ìfọ́-òkúta níbẹ̀ ti ń dá owó sínú àpò kan nípa òfin, inú àpò náà ni a ti ń san owó fún àwọn tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, inú rẹ̀ náà ni a sì ti ń ná owó ìtọ́jú wọn láàárín àwùjọ.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí pé ọ̀ràn àwọn ará ibòmíràn ni èyí. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ọdún 2021, àwọn tí ń fi ọwọ́ wa wúrà sì ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tipẹ́tipẹ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti òkè ọya wá. Àwọn tí ń fọ́ òkúta fún ilé àti ọ̀nà wà káàkiri. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2010 mọ àrùn tí iṣẹ́ fà, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí ó wà nínú ìwé ni ń dáwó sí àpò náà. Ọmọkùnrin tí ń lọ òkúta lábẹ́ igi, tí kò ní ọ̀gá tí a lè dárúkọ, yóò padà sí ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn aṣòfin tí a dìbò fún ni kí ẹ bi léèrè ẹni tí yóò kà á.

Ní ti àwọn ará Lèsótò àti Pondoland, kò sí pé a ń wá wọn tì. Ìwé àwọn tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ wà nípamọ́ títí di òní, TEBA pàápàá sì ti ń fi ìwé wọ̀nyí ran àwọn tí ń wá awakùsà àtijọ́ kiri lọ́wọ́. Orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, àti ọdún tí ó lọ, àti ihò tí ó wọ̀, àti agbègbè tí ó ti wá, àti ìjòyè rẹ̀. Kí wọ́n ka iye tí ó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ó bá pé mẹ́wàá, kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan, àga mẹ́wàá, àti okùn ìwọ̀n mítà 30 ránṣẹ́.